Ojú Tí A Gbé Kọ́ Ògiri

Kókó ọ̀rọ̀ tòní kò ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gba àdúgbò Òkè-Odò kọjá. Ẹni tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ ní Ilé-Epo, tí ó gba ẹ̀gbẹ́ ọjà wọ inú àdúgbò lọ, bí ó bá gbé ojú sókè wo ògiri àwọn ilé, yóò rí ohun kékeré kan, funfun tàbí dúdú, tí ó rí roboto bí ẹyinjú, tí ó tẹjú mọ́ títì. Kámẹ́rà aṣọ́lé ni. Àwọn kan gbé e kọ́ ẹnu géètì, àwọn kan gbé e kọ́ ìloro, àwọn mìíràn sì gbé e kọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù. Owó kékeré kọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ná sí i. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni pé: ǹjẹ́ ojú tí wọ́n rà náà ń ríran? Bí ó bá sì ń ríran, ta ni ó ń ríran fún?

Ìdí tí ojú wọ̀nyí fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò farasin. Òkè-Odò wà ní Alímòṣọ́, ìjọba ìbílẹ̀ tí ìkànìyàn ọdún 2006 bá ènìyàn 1,277,714 nínú rẹ̀. Ní ọdún 2003 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá àwọn ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ sílẹ̀, tí Àgbàdo/Òkè-Odò sì di ọ̀kan nínú wọn. Ibi tí ó jẹ́ oko àti abúlé fún àwọn ará àtijọ́ ti di kìkì ilé, láti Abúlé-Ẹ̀gbá títí dé Ẹ̀gbẹ́dá, Ìkòtún àti Ìgándò. Kí ilẹ̀ tó mọ́, baba ti wọ ọkọ̀ lọ sí Ìkẹjà tàbí Ìsàlẹ̀ Èkó, ìyá ti gba ọjà lọ, àwọn ọmọ ti lọ sí ilé-ìwé. Ilé tí ó kún fọ́fọ́ ní alẹ́ a di òfìfo ní ọ̀sán. Aládùúgbò kò sì mọ ojú aládùúgbò mọ́ bí ti àtijọ́.

Àwọn baba ńlá Yorùbá kò fi ilé tàbí oko sílẹ̀ láìṣọ́. Àgbẹ̀ a máa fi ààlè sí ẹ̀gbẹ́ igi tí ó ṣá jọ, kí ẹni tí ó bá fẹ́ jí i lè mọ̀ pé ó ní olówó. Ajá a máa gbó ní ẹ̀yìnkùlé, ọdẹ a sì máa rìn yí àdúgbò ká ní òru. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ìyá arúgbó kan a máa jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé, kò sí àjèjì tí yóò kọjá tí kì í béèrè pé, “Ta ni ẹ ń wá o?” Ìbéèrè ìyá arúgbó yìí ti ṣọ́ ilé ju kọ́kọ́rọ́ lọ. Nígbà tí ẹnu ọ̀nà wá ṣófo tán, tí kò sí ẹni tí yóò béèrè mọ́, ni àwọn ènìyàn lọ ra ojú tí yóò bá wọn jókòó síbẹ̀.

Irú ọ̀ràn yìí kan náà ni ó bí ẹ̀rọ aṣọ́lé alámóhùnmáwòrán ní òkè òkun. Obìnrin adúláwọ̀ kan wà ní àdúgbò Queens ní ìlú New York, Marie Van Brittan Brown ni orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ó ń ṣe. Ọkọ rẹ̀, Albert Brown, jẹ́ onímọ̀ nípa ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́. Iṣẹ́ àwọn méjèèjì kò ní àkókò kan pàtó, ó sì máa ń ku ìyàwó nìkan sílé. Bí a bá sì ké sí ọlọ́pàá ní àdúgbò wọn, wọn kì í tètè dé. Ni tọkọtaya yìí bá ronú kan ẹ̀rọ kan. Wọ́n lu ihò mẹ́rin sí ara ilẹ̀kùn, láti ibi tí ojú ẹni gíga lè dé títí kan ibi tí ojú ọmọdé mọ. Kámẹ́rà kan ń gòkè, ó ń sọ̀ níwájú àwọn ihò náà. Àwòrán àlejò sì ń hàn nínú tẹlifíṣọ̀n tí ó wà nínú yàrá. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Ògọ́sítì ọdún 1966 ni wọ́n kọ̀wé béèrè ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, ìjọba Amẹ́ríkà sì fún wọn ní ọjọ́ kejì oṣù Dìsẹ́ḿbà ọdún 1969.

Ohun tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn nínú ìtàn yìí ni pé obìnrin náà kò fi ojú nìkan sílẹ̀. Ó fi ohùn tì í, kí ó lè bá àlejò sọ̀rọ̀ láti inú yàrá. Ó fi bọ́tìnì kan tì í tí ó lè ṣí ilẹ̀kùn, ó sì fi òmíràn tì í tí ó lè fi ké sí àwọn agbófinró. Ó mọ̀ pé ojú a máa rí, ṣùgbọ́n ojú kì í di olè mú. Kámẹ́rà kì í gbó bí ajá, kì í sì í bu olè jẹ.

Ní ọdún 1996, ilé-iṣẹ́ Axis ní orílẹ̀-èdè Swídìn gbé kámẹ́rà tí ó lè bá ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ jáde. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà ti ṣí tí ẹni tí ó wà ní ọjà fi lè máa wo ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ nínú fóònù.

Kí ọ̀rọ̀ lè yé tolórí tẹlẹ́mù, ká ní ìyá ọlọ́jà kan wà tí ó ń ta èlùbọ́ ní ọjà Òkè-Odò. Agogo márùn-ún ìdájí ni ó ń jáde nílé. Ìyá tí ó bí i lọ́mọ ti darúgbó, kò lè rìn dáadáa mọ́. Ọmọdébìnrin kan tí ó ń bá wọn gbé ni ó ń tọ́jú màmá àgbà náà. Ìyá ọlọ́jà yìí fẹ́ kí òun máa rí ẹnu géètì láti ìsọ̀ òun. Kí ni ó yẹ kí ó mọ̀ kí ó tó náwó?

Ohun mẹ́rin ni kámẹ́rà fi ń wà láàyè: iná tí ó ń jẹ, ọ̀nà tí ó ń gbà ránṣẹ́, ibi tí ó ń kó ìrántí rẹ̀ sí, àti kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń ṣí i. Bí ọ̀kan nínú mẹ́rin yìí bá yingin, a jẹ́ pé òkú ojú ni ó wà lára ògiri.

Ti iná ni kí a kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò, nítorí pé iná kì í dúró pẹ́. Ẹlẹ́ẹ̀kan kì í ronú nípa rọ́tà, ìyẹn àpótí tí ń pín Wi-Fi nínú ilé. Ó lè fi bátìrì sí kámẹ́rà, kí ó gbàgbé pé bí rọ́tà bá kú, kámẹ́rà kò rí ọ̀nà ránṣẹ́ mọ́. Iná tí àwọn méjèèjì ń jẹ kò pọ̀. Bí kámẹ́rà kékeré bá ń jẹ wáàtì 5, tí rọ́tà sì ń jẹ wáàtì 10, wáàtì 15 ni àpapọ̀ wọn. Bátìrì oní-fóòtì 12 tí agbára rẹ̀ jẹ́ ámípíà 100 fún wákàtí kan ní wáàtì-wákàtí 1,200 nínú. Bí a bá sì lo ìdajì rẹ̀ péré kí bátìrì má baà tètè bàjẹ́, 600 ni ó kù. Pín 600 sí ọ̀nà 15, wákàtí 40 ni. Ṣùgbọ́n ìnfátà fúnra rẹ̀ a máa jẹ nínú iná yìí, nítorí náà kí a má ṣe gbójú lé ju ìdajì wákàtí wọ̀nyí lọ. Bátìrì kékeré tí wọ́n ṣe fún rọ́tà àti kámẹ́rà, tí kò gba inú ìnfátà kọjá, kì í fi iná ṣòfò tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn iná ni ọ̀nà. Púpọ̀ nínú àwọn kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú ni kò gbọ́ ju ìgbì Wi-Fi kan ṣoṣo lọ, èyí tí wọ́n ń pè ní 2.4 GHz. Rọ́tà ìwòyí sì ń sọ èdè méjì, 2.4 àti 5. Bí fóònù tí a fi ń so kámẹ́rà mọ́ra bá wà lórí 5, àwọn méjèèjì lè máa pe ara wọn títí, kí wọ́n má gbọ́ ara wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti dá kámẹ́rà padà fún ẹni tí ó tà á nítorí èyí nìkan, tí kò sì sí ohun tí ó ṣe é. Kí a fi fóònù sí orí 2.4, kí a tẹ orúkọ Wi-Fi àti ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ láìṣì í kọ, kí lẹ́tà ńlá má di kékeré. Kí a sì gbà fún áàpù rẹ̀ láti lo ohun tí ó bá béèrè nínú fóònù ní àkókò ìsopọ̀ náà. Ohun tí ó gbọ́n jù ni kí a so ó pọ̀ nítòsí rọ́tà, lórí tábìlì, kí a rí i pé ó ń ṣiṣẹ́, kí a tó gun àkàbà. Lẹ́yìn náà ni kí a gbé e lọ sí ibi tí yóò gbé, kí a wò ó bóyá ìgbì dé ibẹ̀. Ògiri búlọ́ọ̀kù méjì mẹ́ta àti géètì onírin a máa dí ìgbì lọ́nà. Ibi tí ìgbì kò bá dé, wáyà ni kí a fà lọ síbẹ̀. Wáyà kì í ṣàárẹ̀ bíi Wi-Fi.

Ní ti ibi tí a óò gbé e kọ́, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ sí mẹ́wàá sókè ilẹ̀ dára. Bí ó bá ga ju èyí lọ, orí fìlà nìkan ni yóò máa yà. Bí ó bá rẹlẹ̀ jù, ọwọ́ olè yóò tó o. Kí ó má kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ, nítorí pé ẹni tí ó bá dúró níwájú ìmọ́lẹ̀ a máa dúdú bí òjìji. Kí a má sì fi sí ẹ̀yìn gíláàsì fèrèsé. Ní òru, kámẹ́rà a máa tan ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú ènìyàn kò lè rí. Gíláàsì a dá ìmọ́lẹ̀ náà padà sí i lójú, gbogbo àwòrán a sì funfun báláú. Ní àkótán, kí wáyà rẹ̀ tẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ kí ó tó gòkè wọ inú ògiri, kí omi òjò lè kán sílẹ̀ níbẹ̀, kí ó má baà tọ wáyà wọlé.

Ìrántí ni ẹ̀kẹta, ibẹ̀ sì ni détà ti ń jó owó lọ láìsí èéfín. Kámẹ́rà tí ó bá ń rán mẹ́gábíìtì kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, láìsinmi, yóò lo gígábáìtì 10.8 láàárín ọjọ́ kan. Ní ọgbọ̀n ọjọ́, ó di gígábáìtì 324. Kámẹ́rà kan ṣoṣo nìyẹn o! Ẹni tí ó bá so mẹ́rin pọ̀, tí ó sì ń ra détà bí ẹni ń ra iyọ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi yọ wọ́n kúrò. Ọ̀nà àbáyọ ni kí kámẹ́rà máa kó ohun tí ó bá rí sínú káàdì ìrántí tirẹ̀ tàbí sínú àpótí ìgbàwòrán nínú ilé, kí ó má sì rán nǹkan jáde àyàfi ìkìlọ̀ nígbà tí ènìyàn bá yọ, tàbí nígbà tí onílé bá fẹ́ wò ó. Ṣùgbọ́n kí onílé mọ bí ìrántí náà ti jìn tó. Bí kámẹ́rà bá ń gbà á sílẹ̀ tọ̀sán tòru ní ìwọ̀n yìí, káàdì gígábáìtì 64 kò lè gba ọjọ́ mẹ́fà pé. Èyí tí ó jẹ́ 128 kò kọjá bí ọjọ́ mọ́kànlá. Bí ó bá ti kún, ohun àtijọ́ ni yóò máa pa rẹ́ kí ó lè rí àyè fún tuntun. Nítorí náà, ẹni tí olè jà ní ọjọ́ Ajé, tí ó sì di ọ̀sẹ̀ kejì kí ó tó wo inú káàdì, òfo ni yóò bá.

Nígbà tí kámẹ́rà kò bá wá ṣiṣẹ́ mọ́, kí ni ṣíṣe? Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Ibi tí ó súnmọ́ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Kí a wo ara kámẹ́rà: ǹjẹ́ iná kékeré ara rẹ̀ ń tàn? Bí kò bá tàn, ohun tí ń gbé iná fún un ni kí a pààrọ̀ wò, nítorí pé iná tí ń lọ tí ń bọ̀ a máa tètè ba nǹkan yìí jẹ́ ju kámẹ́rà gan-an lọ. Bí iná bá ń tàn, kí a lọ wo rọ́tà. Ǹjẹ́ fóònù tí ó wà nínú ilé ń rí íntánẹ́ẹ̀tì lórí Wi-Fi yẹn? Bí kò bá rí i, détà ni ó tán, tàbí ìsokọ́ra ni ó já. Kámẹ́rà kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Bí fóònù bá ń rí i, tí kámẹ́rà nìkan kò rí i, kí a béèrè bóyá ẹnì kan nínú ilé ti yí ọ̀rọ̀ aṣínà Wi-Fi padà. Bí wọ́n bá ti yí i, kámẹ́rà di ọmọ òrukàn títí a óò fi kọ́ ọ ní tuntun.

Bí àwòrán ọ̀sán bá dára, tí ti òru sì funfun bí èéfín, kí a nu ojú rẹ̀. Aláǹtakùn fẹ́ràn ibẹ̀, nítorí pé kòkòrò a máa ṣùjọ síbi ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, òwú tí ó bá sì ta síwájú rẹ̀ a máa tàn bí aṣọ funfun. Bí ìkìlọ̀ bá ń dún lórí fóònù ní gbogbo ìgbà nítorí ewé, ewúrẹ́ àti iná ọkọ̀, kí a dín ìyára rẹ̀ láti kìlọ̀ kù, kí a sì fi àmì yí apá ibi tí a fẹ́ kí ó máa ṣọ́ ká. Ẹni tí ìkìlọ̀ bá sú yóò pa á, ọjọ́ tí ó bá pa á ni olè lè dé. Bí áàpù bá sì ń fi àwòrán hàn lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò rí ohun tí ó ti kọjá, káàdì ni ó ti bàjẹ́ tàbí tí kò wọlé dáadáa. Àrùn yìí ni ó burú jù, nítorí pé kì í pariwo. Onílé a máa rí géètì rẹ̀ lójoojúmọ́, ọkàn rẹ̀ a balẹ̀. Ọjọ́ tí ó bá nílò àná ni yóò tó mọ̀ pé kámẹ́rà rẹ̀ kò ní àná. Ìtọ́jú rẹ̀ kò ju pé kí onílé rìn kọjá níwájú kámẹ́rà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ó sì wá ara rẹ̀ nínú ohun tí ó gbà sílẹ̀.

Àrùn kan tún wà tí ó lè tú ilé ká: àrùn aago. Ká ní ìyá ọlọ́jà yẹn dé ní ọjọ́ kan, tí owó kan sì dàwátì. Ó ṣí kámẹ́rà, ó sì rí ọmọdébìnrin inú ilé rẹ̀ tí ó ṣí géètì, tí ó gbé àpò kan jáde ní agogo méjì òru. Ta ni yóò gbọ́ àlàyé lẹ́nu ọmọ náà? Bẹ́ẹ̀ ni agogo méje alẹ́ ni ọmọ náà jáde, tí ó lọ da ilẹ̀ nù. Kámẹ́rà tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà, tí ẹni tí ó gbé e kọ́ kò sì yí aago rẹ̀ padà, lè máa ka aago ilẹ̀ Ṣáínà, èyí tí ó fi wákàtí méje ṣáájú ti Nàìjíríà. Agogo méje alẹ́ ní Òkè-Odò, agogo méjì òru ni ní ọ̀hún. Àwọn mìíràn sì wà tí aago wọn a máa padà sí ìbẹ̀rẹ̀ nígbàkígbà tí iná bá lọ. Kámẹ́rà kò purọ́ nípa ojú ọmọ náà, ṣùgbọ́n ó purọ́ nípa àsìkò, irọ́ kékeré yẹn sì tó láti ba ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ jẹ́. Kí a tẹ aago Nàìjíríà sí i, ìyẹn GMT+1, kí a sì fi wé aago ọwọ́ lẹ́yìn tí iná bá lọ tí ó bá dé.

Ó wá ku kọ́kọ́rọ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Kámẹ́rà púpọ̀ a máa ti ilé-iṣẹ́ wá pẹ̀lú orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà kan náà tí gbogbo ayé mọ̀. Ní ọdún 2016, àwọn ọ̀dọ́ kan ní Amẹ́ríkà kọ ètò burúkú kan tí wọ́n pè ní Mirai. Ètò náà kò ṣe ju pé kí ó máa kan ilẹ̀kùn kámẹ́rà àti rọ́tà kiri àgbáyé, kí ó máa dán àwọn ọ̀rọ̀ aṣínà àtilẹ̀wá bí ọgọ́ta wò. Ẹ̀rọ tí ẹni tí ó ni ín kò bá ti yí tirẹ̀ padà a di ẹrú wọn. Ní ọjọ́ 21 oṣù Òkítóbà ọdún náà, àwọn ẹ̀rọ ẹrú wọ̀nyí dá íntánẹ́ẹ̀tì dúró fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ náà kò sì mọ sí ọ̀dọ̀ àwọn aláwọ̀ funfun. Ní ọdún 2016 kan náà, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó ń jẹ́ Daniel Kaye fi ogunlọ́gọ̀ kámẹ́rà aṣọ́lé tí ó ti kó lẹ́rú kọ lu ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ kan ní Làìbéríà, ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níhìn-ín, títí íntánẹ́ẹ̀tì fi dákú káàkiri orílẹ̀-èdè náà ní oṣù Nòfẹ́ḿbà. Ilé-ẹjọ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù rán an ní ẹ̀wọ̀n ọdún méjì àti oṣù mẹ́jọ ní ọdún 2019. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ti rí: àwọn tí wọ́n ni kámẹ́rà wọ̀nyẹn rò pé ilé àwọn ni ó ń ṣọ́, wọn kò mọ̀ pé ó ti ń bá ẹlòmíràn jagun.

Nítorí náà, ọjọ́ tí a bá gbé kámẹ́rà kọ́ ni kí a yí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ padà sí èyí tí ó gùn, tí kì í ṣe nọ́ńbà fóònù, tí kì í sì í ṣe ọjọ́ ìbí. Kí a yí ti rọ́tà náà padà. Bí áàpù bá ní ọ̀nà tí ó máa ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sórí fóònù kí ó tó gba ènìyàn wọlé, kí a tan án. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é bá fi àtúnṣe ránṣẹ́, kí a gbà á, nítorí ihò tí wọ́n rí ni wọ́n ń dí. Bí ẹni tí ń so ó bá ní òun yóò ṣí ọ̀nà kan nínú rọ́tà kí ará ìta lè máa gbà á wọlé, kí a ní kí ó fi í sílẹ̀ ní títì. Kámẹ́rà àlòkù sì gbọ́dọ̀ gba ìparẹ́ pátápátá kí a tó lò ó.

Bí ikú ilé kò bá pa ni, ti òde kò lè pa ni. Àwọn tí ń bá ni so kámẹ́rà pọ̀ ní Òkè-Odò, olóòótọ́ ènìyàn ni púpọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n àṣà kan wà láàárín wọn tí kò dára. Oníṣẹ́ a ní, “Màmá, ẹ má ṣe ìyọnu. Nọ́ńbà tèmi ni mo fi ṣí i fún yín. Bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, mo ti wà níbẹ̀.” Ìdáhùn tí ó yẹ kí ìyá ọlọ́jà náà fún un ni pé, “O ṣeun, ọmọ mi, Ọlọ́run yóò fún ọ ṣe. Ṣùgbọ́n ṣé ìwọ ni o kọ́ ilé yìí? Nọ́ńbà tèmi ni kí o fi ṣí i.” Kì í ṣe pé a pe ọmọ náà ní olè. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nídìí kámẹ́rà ni kámẹ́rà mọ̀ ní olówó rẹ̀. Bí fóònù rẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ilé màmá ti bọ́ sí i lọ́wọ́ pẹ̀lú. Bí oníṣẹ́ bá ti jáde tán, kí a tún ọ̀rọ̀ aṣínà yí lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọ̀rọ̀ aládùúgbò kò ṣeé fojú fò. Púpọ̀ nínú ilé Òkè-Odò jẹ́ ilé alágbàlá kan, tí yàrá kọjú sí yàrá, tí kànga àti ilé ìwẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ayálégbé. Kámẹ́rà tí ó bá ń wo ẹnu géètì, ilé ni ó ń ṣọ́. Èyí tí ó bá ń wo fèrèsé ẹlòmíràn tàbí ọ̀nà ilé ìwẹ̀, ènìyàn ni ó ń yọ́ wò. Abala 37 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi ààbò bo àṣírí ọmọ orílẹ̀-èdè àti ilé rẹ̀. Òfin Ààbò Détà tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Júùnù ọdún 2023 fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún ohun tí ènìyàn ń ṣe fún ara rẹ̀ tàbí fún agbo ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ gbangba pé àyè náà kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti tẹ ẹ̀tọ́ àṣírí ẹlòmíràn lójú. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Kí onílé pe àwọn ayálégbé jọ kí ó tó gbé e kọ́, kí ó fi àwòrán tí kámẹ́rà ń rí hàn wọ́n, kí ó sì kọ ọ́ sí ara géètì pé kámẹ́rà wà níhìn-ín. Ààlè ni ìkọ̀wé náà. Olè kan lè kà á kí ó sì padà. Kámẹ́rà kò sì gbọ́dọ̀ wọ inú yàrá tí ọmọ ọ̀dọ̀ tàbí àlejò ń sùn sí.

Bí olè bá wá jà lóòótọ́ ńkọ́? Kí ẹni tí ó bá rí i nínú fóònù má sáré lọ bá a nìkan. Nọ́ńbà 112 àti 767 ni a ń pè fún ìdágìrì ní Èkó, owó kì í sì í wọ̀ ọ́. Ọlọ́dẹ àdúgbò wà, ẹgbẹ́ onílé wà. Àjọ ààbò àdúgbò tí òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2016 dá sílẹ̀ náà wà. Kí nọ́ńbà gbogbo wọn wà nínú fóònù kí ọjọ́ náà tó dé. Lẹ́yìn náà, kí a yọ ohun tí kámẹ́rà gbà sílẹ̀ pamọ́ lójú ẹsẹ̀, láìgé e, láìkọ nǹkan sí i lórí. Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 ni ó sọ bí ilé-ẹjọ́ ṣe ń gba ohun tí ó ti inú kọ̀ǹpútà jáde; ó béèrè pé kí ẹ̀rọ náà ti máa ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ, kí ìwé ẹ̀rí kan sì tẹ̀ lé e. Aago tí ó pé àti káàdì tí kò bàjẹ́ ti di ọ̀rọ̀ òfin nìyẹn.

Ohun kan ṣoṣo ni ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣe: kí ó má ṣe gbé àwòrán ẹni tí ó fura sí káàkiri pé olè nìyí. Àwòrán kì í ṣe ìdájọ́. Àwọn èrò ọjà kì í béèrè pé aago ilẹ̀ wo ni kámẹ́rà kà kí wọ́n tó ki taya bọ ọmọ ọlọ́mọ lọ́rùn. Ẹ̀mí tí ó bá sì ti lọ kò ṣeé pè padà pé aago ni kò pé.

Ẹ̀yin òǹwòran, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kámẹ́rà lè wà lójúfò ní òru tí ènìyàn ń sùn, ṣùgbọ́n ènìyàn ni yóò fún un níná, òun ni yóò nu ojú rẹ̀, òun ni yóò tún aago rẹ̀ ṣe, òun ni yóò di kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mú, òun náà ni yóò sì fi òye túmọ̀ ohun tí ó bá rí. Ẹni tí ó bá ní kámẹ́rà nílé, kí ó dìde ní alẹ́ òní kí ó wá àná nínú rẹ̀ wò, kí ó sì wo aago rẹ̀ bóyá ti Òkè-Odò ni ó ń kà. Kí ó sì tún kí aládùúgbò rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọ̀la. Ìyá arúgbó tí ń béèrè pé “Ta ni ẹ ń wá o?” ṣì wúlò lẹ́nu ọ̀nà. Ilé kò ní dàrú mọ́ wa lórí. Ó dàárọ̀ o.